Ọmọ mi lọ kọ́ fáyólìn àwọn ará Írẹ́lándì ní àgọ́ ìgbà ooru, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò fún un ní ìwé orin kankan

Bàbá Limerick kọ (ọjọ́ Ajé, alẹ́):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn onílù, àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń gbé òkè òkun wà láàárín wa. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ti ń kọ́ fáyólìn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 6, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ń fi ìwé kọ́ ọ, ó sì ti yege nínú ìdánwò ìpele kẹta. Lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rọ̀ ọ́ pé kí ó bá òun lọ sí àgọ́ ẹ̀kọ́ orin ìbílẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì tí a ń gbé yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní orin àwọn Kẹ́ltíìkì, ìyẹn orin ìbílẹ̀ àwọn ará Írẹ́lándì, Skọ́tlándì àti àwọn tó bá wọn tan, fún ọjọ́ márùn-ún. Mo san owó rẹ̀, mo sì gbé e lọ.

Nígbà tí mo lọ mú un lónìí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní olùkọ́ náà, obìnrin kan tí yóò tó ẹni 60 ọdún, jókòó sáàárín wọn, kò mú ìwé dání, kò kọ nǹkan sójú pátákó, kò ṣe ju pé ó ta ìlà orin kékeré kan lórí fáyólìn rẹ̀, ó wò wọ́n lójú, ó sì ní kí wọ́n ta á padà. Àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ìwé orin kà rárá ti gbé ìlà náà kí ọmọ tèmi tó mọ ibi tí yóò fi ìka sí. Nígbà tó béèrè ìwé, olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní etí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ọmọ náà gbà pé òun ti di olódo láàárín wákàtí mẹ́ta.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ olùkọ́ ẹni ẹlẹ́ni láìdára. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ọ̀nà ìkọ́ni gidi ni èyí, tí mo lè ní kí ọmọ mi fara dà, àbí olùkọ́ náà kò múra sílẹ̀ ni? Mo ní títí di òwúrọ̀ ọ̀la láti pinnu bóyá kí n gbé e padà lọ.

Ọmọ Àyàn Ìṣẹ́yìn kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e padà lọ lọ́la.

Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí ní Ìṣẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé London ni mo ti ń jẹun báyìí. Kò sí ẹni tó fún bàbá mi ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò fún èmi náà. Gúdúgúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi lọ́rùn, mo sì ń tẹ̀ lé àwọn àgbà lọ sí òde, mo ń lu ohun kan náà fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni wọ́n tó jẹ́ kí n gbé ìyáàlù. Tí bàbá mi bá fẹ́ fún mi ní nǹkan tuntun, yóò fi ẹnu sọ ọ́ ná, yóò sì fi ìlù sọ ọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ni ìbéèrè rẹ̀. Bí mo bá lù ú padà tí kò tọ́, kò ní bá mi wí, kàkà bẹ́ẹ̀ yóò tún un lù bí ẹni pé n kò tíì lu nǹkan kan.

Ohun tí ẹ júwe nípa olùkọ́ yẹn, tó ta ìlà kékeré kan tí ó sì wò wọ́n lójú, ohun tí bàbá mi ń ṣe gan-an ni. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ kò lè ṣe é, nítorí ó gbọ́dọ̀ mọ orin náà débi pé ó lè gé e wẹ́wẹ́ níbikíbi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀. Olùkọ́ tó ní ìwé lè wo ìwé, èyí tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ.

Olùkọ́ Akọrin Ẹ̀gbá kọ:

Mo kí gbogbo ilé. Mo ti darí ẹgbẹ́ akọrin ní Abẹ́òkúta fún ọdún 22, mo sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ tako àbúrò mi ọmọ Àyàn díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà rí bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwé orin.

Ìdí tí àwọn èèyàn wa fi lè kọ orin olóhùn mẹ́rin ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì láti Badagry dé Ilọrin ni tóníkì sol-fa, ìyẹn fífi do, re, mi kọ orin sílẹ̀, tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé jìnnà lè di bébà mú, kí ó sì kọ ohùn bass rẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Ẹ wo àwọn ará Írẹ́lándì fúnra wọn pẹ̀lú. Francis O'Neill, ọmọ ilẹ̀ Cork tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tí ó sì di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú Chicago ní 1901, rí i pé orin àwọn èèyàn òun ń kú lọ pẹ̀lú àwọn arúgbó. Ó kó orin 1,850 jọ sínú ìwé kan ní 1903, ó sì tún tẹ ìwé orin ijó mìíràn jáde ní 1907, èyí tí àwọn olórin wọn ṣì ń lò títí di òní. Àwọn orin mìíràn wà tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe bébà yẹn ni, kò sí etí kankan tí ì bá gbà wọ́n là. Olùkọ́ tó bá fi ìwé du ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kà ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn dáadáa ni. Kí ló dé tí kò lè fún un ní méjèèjì?

Adùnní Ennis kọ:

Ẹ kú ìjíròrò. Bàbá Limerick, nọ́ọ̀sì ni mí ní Ennis, kò jìnnà sí yín, mo sì ti ń fun fèrè onígi bí wọ́n ṣe ń fun ún ní agbègbè Clare níbí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo ti jókòó ní irú kíláàsì tí ọmọ yín wà yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo sì ti sunkún tèmi náà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí irú ẹ̀kọ́ yìí ti lágbára jù lọ. Ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Clare, ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Miltown Malbay. Willie Clancy tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń fun uilleann pipes, èyí tí í ṣe fèrè alápò tí a kì í fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí: ìgúnwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò náà, “uilleann” sì túmọ̀ sí ìgúnwọ́ ní èdè wọn. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973, ní ẹni ọdún 54, nígbà tó sì di ìgbà ooru ọdún náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní oṣù keje ọdọọdún, ènìyàn a máa kún ìlú yẹn dẹ́nu: kíláàsì wà ní ilé-ìwé, ó wà ní gbọ̀ngàn, ó sì ń wọ inú ilé àwọn aráàlú pàápàá. Lówùúrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́dọ̀ olùkọ́. Lálẹ́, yóò rí olùkọ́ kan náà níbi tí òun àti ojúgbà rẹ̀ ti jókòó sí igun ilé ọtí, tí wọ́n ń ta orin fún ìgbádùn ara wọn. Ohun tí a kò gbọ́ ní kíláàsì, a ń gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ Akọrin, ọ̀rọ̀ yín nípa O'Neill rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. O'Neill fúnra rẹ̀ kò lè kọ àmì orin sílẹ̀. Etí ló fi mọ gbogbo orin rẹ̀. Yóò fun fèrè tàbí kí ó fi ẹnu kọ ọ́, ọlọ́pàá mìíràn tó ń jẹ́ James O'Neill, tí wọn kì í ṣe ìbátan, ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé yẹn jẹ́ àpótí tí wọ́n kó ẹrù etí sí. Ẹni tó bá ti ní etí náà tẹ́lẹ̀ ni àpótí ń ṣí fún.

Ohun tí ìwé kò lè gbé ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ mú jig, irú orin ijó wọn kan tó ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lórí bébà, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà. Kò sí ẹnìkan ní Clare tó ń ta á bẹ́ẹ̀: èyí àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀, àárín a yára kọjá, ẹ̀kẹta a sì ti ẹsẹ̀ oníjó síwájú. Bí ó ṣe pẹ́ tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olórin kan sí èkejì, láti àgbègbè kan sí òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ṣọ́ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní roll ń gba ohùn gígùn kan, ó sì ń sọ ọ́ di márùn-ún: ohùn náà fúnra rẹ̀, ìka kan láti òkè tó kàn án fìrí, ohùn náà, ìka kan láti ìsàlẹ̀, ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí bébà, ọmọ tó mọ̀wé yóò ta ohùn márùn-ún tó dá gaara. Kì í sì í ṣe ohùn ni àwọn ìka méjèèjì yẹn, títa ni, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá ta èèyàn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé kí olùkọ́ kan tó gbá mi lọ́wọ́, tí ó sì fi han etí mi.

Ẹ jẹ́ kó padà lọ. Ọjọ́ kejì ló le jù, ọjọ́ kẹta ni nǹkan máa ń yí padà.

Bàbá Limerick kọ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́):

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbé e padà lọ. Kò sunkún lónìí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn púpọ̀. Ó ní òun gbọ́ apá kìíní orin náà, apá kejì ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ohun kan tó sọ wọ̀ mí lọ́kàn: ó ní nígbà tí òun bá di ojú, òun ń rí i bí ẹni pé ó wà lórí bébà, òun sì ń gbìyànjú láti kà á, kí òun tó kà á tán, àwọn tó kù ti lọ. Mo tún bi olùkọ́ náà léèrè lẹ́yìn kíláàsì bóyá ọmọ mi lè fi fóònù gba orin náà sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ìparí kíláàsì nìkan, kò gbà á láàyè nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Ayọ̀ Carolina kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni mo wà, bánjò ni mo ń ta. Irú àgọ́ yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan ní Warren Wilson College, lẹ́bàá ìlú Asheville, tí wọ́n ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún orin Kẹ́ltíìkì, ọ̀sẹ̀ mìíràn fún orin àtijọ́ ti àwọn òkè Appalachia. Ní California, Alasdair Fraser tó jẹ́ ọmọ Skọ́tlándì dá ilé-ẹ̀kọ́ fáyólìn ti ìgbà ooru sílẹ̀ ní 1984, níbi tí ọmọdé àti arúgbó ti ń jókòó ti ara wọn, tí wọ́n sì ń fi etí gba orin.

Mo wọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọ̀nà etí yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an ní ilẹ̀ yìí. Bánjò kì í ṣe ohun èlò àwọn òyìnbó ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n fi igbá àti awọ ṣe é. Kì í ṣe ti àwa Yorùbá, ìwọ̀-oòrùn pátápátá ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà, bí akonting àwọn Jola ní Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n ń fi èékánná ta wálẹ̀, tí àtàǹpàkò sì ń dá okùn kúkúrú lóhùn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ta bánjò àtijọ́ níbí títí di òní. Kò sí ìwé tó gbé ìṣe ọwọ́ yẹn kọjá òkun. Ọwọ́ ló gbé e fún ọwọ́.

Lẹ́bàá Mebane, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Joe Thompson, aláwọ̀ dúdú, wọ́n bí i ní 1918. Ó ń ta fáyólìn ijó gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ta á, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó mọ irú orin yẹn ti tán. Ní 2005, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta pàdé níbi àpéjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ta bánjò ní ìlú Boone, Rhiannon Giddens, Dom Flemons àti Justin Robinson, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé bàbá náà. Orin ni bàbá ń ta, àwọn náà ń ta á tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops ni wọ́n dá sílẹ̀ nínú ìyẹn, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy kí bàbá tó kú ní 2012. Mo máa ń ronú pé bó bá jẹ́ pé ìwé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ orin ni wọn ì bá gbà, bó ṣe ń fa ọrun, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń ta fáyólìn, ì bá bá a wọlẹ̀.

Olùkọ́ Akọrin Ẹ̀gbá kọ:

Ayọ̀, àbúrò mi, ìtàn yẹn ṣe mí láàánú, ó sì tù mí nínú pọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tún béèrè: ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ńkọ́? Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta níbí kọ orin sínú àwo ní London ní 1922, mo sì ti jókòó ti àwo náà, mo ti gbọ́ bí ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn, èyí tí bébà kankan kò sọ fún mi. Etí ni mo lò níbẹ̀, kò sì sí olùkọ́ nínú yàrá. Kí ló dé tí olùkọ́ ọmọ Bàbá Limerick kò fẹ́ fóònù nínú kíláàsì?

Adùnní Ennis kọ:

Ẹ̀gbọ́n, àwo kò burú, òun ló tilẹ̀ mú orin yìí dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibí rí ohun tó lè ṣe. Michael Coleman, ọmọ Sligo tó ń gbé ní New York, kọ orin fáyólìn sínú àwo ní àwọn ọdún 1920, àwo náà padà wọ Írẹ́lándì, ó sì dùn débi pé àwọn ọ̀dọ́ ní àgbègbè mìíràn pa ọwọ́ tí bàbá wọn fi ń ta á tì, wọ́n ń ṣe bíi Coleman. Orin kan náà, ọrun kan náà, láti Sligo dé ibi gbogbo. Àwo kì í wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ní ti fóònù, ìdí rẹ̀ rọrùn: ọmọ tó bá mọ̀ pé fóònù ń gbọ́ kì í gbọ́. Ní ìparí kíláàsì, nígbà tí orin ti wà lára rẹ̀, fóònù yóò rán an létí, kò ní kọ́ ọ.

Ẹ má sì rò pé gbogbo olùkọ́ orin yìí ló kọ̀yìn sí ìwé. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn ni Pádraig O'Keeffe ti Sliabh Luachra, ní ààlà Kerry àti Cork. Tíṣà ilé-ìwé ni, wọ́n sì dá a dúró ní 1920. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1963, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé lórí àwọn òkè yẹn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní fáyólìn. Ó dá ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ àmì orin: ó fa ìlà márùn-ún, àlàfo mẹ́rin tó wà láàárín wọn dúró fún okùn mẹ́rin fáyólìn, nọ́ńbà tó bá sì kọ sínú àlàfo ni ìka tí ọmọ yóò fi tẹ okùn náà. Ó ní irú rẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ àkọ́díọ̀nù pẹ̀lú. Yóò kọ́kọ́ jókòó ta orin náà fún ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò fi bébà sílẹ̀ kí ọmọ má baà gbàgbé kí òun tó padà wá. Denis Murphy àti arábìnrin rẹ̀ Julia Clifford, tí wọ́n di olókìkí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ rí i pé ohun tí bébà yẹn sọ ni ibi tí ìka wà. Bí orin ṣe ń rìn, ó ti wà ní etí ọmọ kí bàbá tó jáde ní ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Àyàn Ìṣẹ́yìn kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Adùnní. Ọ̀rọ̀ O'Keeffe yìí mú mi rántí ohun tí mo bá pàdé ní erékùṣù Skye ní Skọ́tlándì nígbà tí a lọ lùlù níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nípa ìdílé MacCrimmon, tó ń fun fèrè alápò fún àwọn olóyè MacLeod ní Dunvegan láti ìran dé ìran, tí àwọn ìdílé afunfèrè mìíràn sì ń rán ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Boreraig. Mo ní, ilé Àyàn rèé o. Àwọn wọ̀nyí kì í fi fèrè kọ́ ọmọ ní àkọ́kọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n ní ègé ọ̀rọ̀ fún ohùn kọ̀ọ̀kan àti fún ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní canntaireachd, ọmọ yóò sì kọ odindi orin gígùn náà lẹ́nu kí ó tó gbé fèrè. Nígbà tó di 1797, Colin Campbell kọ àwọn ègé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń pè é, láìlo àmì orin òyìnbó rárá.

Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́: tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, nígbà tí ìyáàlù ń sọ èdè Yorùbá gidi, tí ọsán rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn wa. Ṣùgbọ́n pé kí orin kọ́kọ́ gba ẹnu kọjá, ọ̀kan náà ni.

Bàbá Limerick, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ wa gbìyànjú. Kí ó gbé fáyólìn sílẹ̀, kí ó fi ẹnu kọ apá kejì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tó bá wá sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu kọ ọ́, ìka rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n wá.

Olùkọ́ Akọrin Ẹ̀gbá kọ:

Mo ti ń ka gbogbo èyí láti ìrọ̀lẹ́, mo sì gbà pé èrò mi nípa olùkọ́ náà kò tọ́ tán. Mo ṣì dúró lórí pé ọmọ tó mọ ìwé orin kà ní ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú kí ó tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ìdí tara mi láti béèrè síwájú. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ń bọ̀, a fẹ́ kó àwọn ọmọ bí 20 jọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ wọn ní orin ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn kan mọ sol-fa, àwọn kan kò mọ nǹkan. Báwo ni àwọn olùkọ́ yìí ṣe ń ṣe é láàárín ọjọ́ márùn-ún péré? Bàbá ọmọ Àyàn ní ọdún mẹ́wàá, àwa kò ní in.

Adùnní Ennis kọ:

Ìbéèrè tó dára gan-an nìyí, ẹ̀gbọ́n, nítorí àgọ́ kì í ṣe ilé Àyàn, àwọn olùkọ́ àgọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù ni mo lè sọ.

Wọ́n ń yan orin kékeré. Orin ijó wọn ní apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n mẹ́jọ, ìyẹn ègé kéékèèké mẹ́jọ tó gùn bákan náà, wọ́n sì ń ta apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwọ̀n mẹ́jọ yẹn, ìlà kìíní àti ìkẹta sábà máa ń jọra, nítorí náà ohun tuntun tí ọmọ ní láti gbà kéré ju bó ṣe ń dún lọ. Olùkọ́ tó dára yóò fi èyí hàn wọ́n láìsọ ọ́: yóò kọ́ ìlà kìíní, yóò kọ́ ìkejì, nígbà tó bá sì dé ìkẹta, ojú àwọn ọmọ yóò là pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, yóò ti ta odindi orin náà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun èlò rẹ̀. Ibí yìí ni olùkọ́ tí kò ní sùúrù ti máa ń ṣìnà, ó máa ń yára gé orin kí ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n ń gé.

Àwọn tí wọ́n yára gbọ́ kì í lọ síwájú; wọ́n ń jókòó ti àwọn tó kù, wọ́n ń ta á jẹ́jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orin àná ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe olùkọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ kan ni yóò yàn. Orin márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan tó. Mo ti rí olùkọ́ tó fún wa ní 14, kò sí èyí tó kù lọ́wọ́ mi nínú wọn.

Ohun tí yóò yá tiyín ju tiwa lọ ni pé àwọn ọmọ yín gbọ́ èdè náà. Àwọn ará erékùṣù Barra ní Skọ́tlándì bẹ̀rẹ̀ àgọ́ tiwọn, Fèis, ní 1981, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ orin erékùṣù wọn mọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti so ẹ̀kọ́ orin pọ̀ mọ́ èdè Gaelic. Irú rẹ̀ ti ju 40 lọ ní Skọ́tlándì báyìí. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan tó mọ orin náà láti ilé jókòó ti olùkọ́ yín, kí ó máa sọ ìtàn orin kọ̀ọ̀kan ní Ẹ̀gbá fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ sol-fa, ẹ kọ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì.

Olùkọ́ Akọrin Ẹ̀gbá kọ:

Ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀, àbúrò mi.

Bàbá Limerick kọ (ọjọ́ Àbámẹ́ta):

Mo jẹ yín ní ìròyìn. Ní ọjọ́rú, mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ Àyàn fún un, a sì jọ fi ẹnu kọ apá kejì náà nínú ọkọ̀ láti ilé dé ẹnu ọ̀nà àgọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò mọ fáyólìn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti bọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ta orin fún àwọn òbí, ọmọ mi jókòó ní ìlà kejì, ojú rẹ̀ wà lára ọrun olùkọ́. Ó ṣe àṣìṣe méjì tí mo gbọ́, kò sì dúró. Ní ìdánwò rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, àṣìṣe kan ti tó láti dá a dúró.

Roll tí ẹ sọ yẹn kò tíì wá. Olùkọ́ ní kí ó má wá a, pé yóò wá fúnra rẹ̀.

Lánàá, nígbà tí a délé, ó mú ìwé kan, ó fa ìlà márùn-ún, ó kọ nọ́ńbà ìka sínú àlàfo wọn bíi ti O'Keeffe, nítorí mo ti ka ọ̀rọ̀ Adùnní fún un. Ìbéèrè tó kù ni pé olùkọ́ rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì padà ní oṣù kẹsàn-án. Ṣé kí n jẹ́ kí ó máa ṣe méjèèjì, àbí wọn yóò da ara wọn rú?

Adùnní Ennis kọ:

Ẹ jẹ́ kó ṣe méjèèjì, bàbá. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìwé rẹ̀ tuntun yẹn han olùkọ́ ti tẹ́lẹ̀ ná. Kí ó ta orin náà fún un láìsí ìwé níwájú, kí ó sì wo ohun tí yóò sọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kìíní oṣù, àwọn kan ń jókòó ta orin jẹ́jẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ìlú wa níbí, láti aago márùn-ún. Mo máa ń wà níbẹ̀. Ẹ mú un wá.